Àmì Tí Mo Fi Ìṣó Kọ Sára Irin

Lóṣù tí mò ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa pè mí láti wá búra gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú Kánádà, ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí rí láyé mi lọ. Kì í ṣe ìdánwò ló ń bà mí lẹ́rù, mo ti yege ìyẹn. Mọ́tò kan ni, mọ́tò tí kì í ṣe tèmi, tí mi ò wà rí, tí mo rí nínú foonu ẹlòmíràn lọ́sàn-án Jímọ̀. Bí ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn bá tú síta, ìbúra náà lè wọmi, kí wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ páńẹ́bítà ni mò ń ṣe ní Downsview, ní Kánádà níbí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ. Ní mọ́ṣáláṣí wa, èmi ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó ń bá èèyàn wo mọ́tò tí wọ́n bá fẹ́ rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ti ṣe sálámà tán báyìí, foonu á ti dé iwájú mi: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo eléyìí." Màá wò ó, màá sọ òótọ́, wọ́n á bínú. Wọ́n á tún lọ rà á náà ni. Tí yìnyín bá wá bẹ̀rẹ̀, tí mọ́tò ò jí láàárọ̀, èmi kan náà ni wọ́n máa pè. Mo ti bú wọn títí, ó ti sú mi.

Àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Alájì. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wà nílùú yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo dé láti Nàìjíríà bí akẹ́kọ̀ọ́, yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn ni mo gbé títí mo fi rí ibi fẹsẹ̀ lé, ìyàwó wọn tó ti kú báyìí ló sì ra kóòtù òtútù àkọ́kọ́ fún mi. Ohun kan ṣoṣo ló wù wọ́n láyé yìí tí wọn ò tíì ní: ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́, onílẹ̀kùn méjì, ẹlẹ́ńjìnnì ńlá, tí ìró ẹ̀ máa ń mi fèrèsé. Wọ́n ní láti kékeré ni wọ́n ti ń lá a lálàá ní Èkó.

Mọ́tò bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ara ẹ̀ ló ń sọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n fi rívẹ́ẹ̀tì, ìṣó olórí róbótó, kan páànù kékeré kan tó ní nọ́ńbà mọ́ abẹ́ gíláàsì iwájú, wọ́n tún tẹ nọ́ńbà sára irin níbi tó fara pamọ́. Ohun tí àwọn oníjìbìtì máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá ojúlówó tí ìpẹtà ti jẹ run, wọ́n á gé nọ́ńbà kúrò lára ẹ̀, wọ́n á jó o mọ́ ara mọ́tò mìíràn tí ò jẹ́ nǹkan kan, wọ́n á kùn ún, á máa dán. Orúkọ òkú ni mọ́tò yẹn á wá máa jẹ́. Ẹni tó bá rà á, lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á wọ́ ọ lọ, owó ti wọ igbó. Torí náà lẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń wo orí rívẹ́ẹ̀tì, ó ń wo ojú jó níbi tí wọ́n ti fi iná so irin pọ̀, ó ń gbé òòfà lé ara mọ́tò bóyá irin ló wà lábẹ́ ọ̀dà tàbí ohun tí wọ́n fi dí ihò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, Alájì na foonu wọn sí mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ọmọ mi, mo ti rí i. Richmond Hill ló wà. Ọkùnrin náà ní gbogbo nọ́ńbà ẹ̀ ló bára mu."

Mọ́tò aláwọ̀ ewé ni, ó rẹwà, mi ò ní parọ́. Ẹni tó ń tà á ti ya fọ́tò ibi gbogbo. Ó tilẹ̀ tú ìdérí kan kúrò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí nọ́ńbà tó fara pamọ́, kí oníbàárà lè rí i pé ojúlówó ni. Mo fẹ ojú fọ́tò yẹn sí i. Lápá ìsàlẹ̀ irin náà, lábẹ́ ọ̀dà, mo rí ilà kan tó tẹ̀ bí ìsàlẹ̀ àwo, pẹ̀lú àmì róbótó kékeré kan lábẹ́ ẹ̀. Ìkọ̀wé mi ni.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìbàdàn ló fà á. Ó ní irin tí èèyàn bá máa dé pa, tí ojú ò ní rí mọ́, kéèyàn fi ìṣó kọ lẹ́tà Lárúbáwá tó bẹ̀rẹ̀ bísímílà sí i, kí iṣẹ́ náà má baà dójú ti èèyàn. Gbogbo wa tá a kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ la máa ń kọ ọ́. Ọwọ́ òsì lèmi ń lò, torí náà ìdí ilà tèmi máa ń gùn sápá ọ̀tún ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀gá ti gbá mi létí títí nítorí ẹ̀.

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ mi ní Kánádà ni mo kọ ti ara mọ́tò yìí. Wákàtí tí òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ ò tó mi jẹ, ni mo bá ń lọ fara pamọ́ ṣiṣẹ́ ní gáráàjì kan ní Etobicoke. Ọ̀gá ibẹ̀ gbé irin kékeré kan tí wọ́n gé wá fún mi, nọ́ńbà wà lára ẹ̀, ó ní kí n jó o mọ́ mọ́tò kan. Ó ní ìpẹtà ló jẹ ti tẹ́lẹ̀. Kí n má tàn yín, mo mọ̀. Páńẹ́bítà wo ni ò ní mọ̀? Mo jó o, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi dán, mo sì kọ bísímílà sórí jìbìtì. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe mí lórí lọ́jọ́ yẹn.

Mo dá foonu padà fún Alájì. "Alájì, ẹ má rà á."

"Kí lo rí?"

"Ojú jó ẹ̀ ò dáa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mọ́tò wo ni ojú jó ẹ̀ ti dáa rí lójú ẹ? Ọ̀la la máa lọ wò ó. Ìwọ lo máa bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Ta ni mo jẹ́ tí màá fi kọ̀ fún Alájì? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni lẹ́tà wọlé sórí foonu mi, pé kí n wá búra lọ́sẹ̀ méjì sí i. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń kí mi kú oríire. Mò ń rò ó pé tí ọ̀gá gáráàjì Etobicoke yẹn bá lọ jẹ́ ẹni tó ń tà á ńkọ́? Tó bá dá mi mọ̀? Mo ní inú rírun ń ṣe mí, mo pe Alájì kí n sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n mu omi gbígbóná kí n máa bọ̀.

Nígbà tá a dé Richmond Hill lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá Etobicoke kọ́ la bá. Òyìnbó kan tó ní sùúrù ni, bàtà ẹ̀ mọ́, ó ní lọ́wọ́ ẹlòmíràn lòun náà ti rà á. Alájì ti wọnú mọ́tò kó tó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n gbá sítíárìnnì mú, wọ́n dijú. Wọ́n ní, "Ìyá àwọn ọmọ ì bá jókòó síbí yìí." Ó dùn mí wọ eegun. Mo tẹ̀ bá wọn lẹ́bàá fèrèsé, mo ń rẹ́rìn-ín kí òyìnbó má baà fura, mo sọ ọ́ ní Yorùbá:

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo jó nọ́ńbà ẹ̀ mọ́ ọn. Ayédèrú ni."

Wọ́n rọra fi sítíárìnnì sílẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kí ọkùnrin náà pé ẹ ṣé, àwọn á lọ rò ó. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi. Ibi tí a ti fẹ́ wọ mọ́tò Alájì ni mọ́tò mìíràn ti dúró. Obìnrin òyìnbó kan mú bàbá ẹ̀ arúgbó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pá ni bàbá náà fi ń rìn. Nígbà tó rí mọ́tò aláwọ̀ ewé yẹn, ó dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Alájì yí padà sí mi. "Sọ fún wọn."

Òyìnbó onímọ́tò ń wò wá. Nọ́ńbà foonu mi wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ni mo fi pè é lójú ọ̀nà. Mo rí lẹ́tà ìbúra yẹn lójú mi kedere. Mo ṣílẹ̀kùn mọ́tò Alájì, mo jókòó, mo de bẹ́líìtì mọ́ra.

Alájì fúnra wọn ló lọ bá obìnrin náà. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, tí wọ́n ń nawọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí, bí wọ́n ṣe máa ń mi orí sí àgbàlagbà tí wọn ò gbọ́ èdè ẹ̀. Ó fọwọ́ kan Alájì léjìká, ó sì di bàbá ẹ̀ mú, wọ́n lọ síbi mọ́tò.

Nígbà tá a fẹ́ dé Downsview, Alájì ní, "Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Mi ò mọṣẹ́ yẹn. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Ẹ máà bínú, sà."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìpolówó mọ́tò náà ti kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti rà á. Mo búra lọ́sẹ̀ kejì. Alájì wá, wọ́n sì mú àwọn ọmọ wọn wá bá mi yọ̀, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ti wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó lè lé mi lọ sílé mọ́. Ṣùgbọ́n tí bàbá òyìnbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn bá wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, mi kì í lè wojú ẹ̀. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó bá kàn, màá dúró de òmíràn.