Kámẹ́rà ti wà, ta ló máa dì í mú?

Oníkámẹ́rà kan pa mí lẹ́nu mọ́ lọ́jà Adja-Ouèrè lónìí!

Kámẹ́rà kékeré tí màá fi ṣe fídíò ẹ̀fẹ̀ ni mo ń wá rà. Ó gbé méjì jáde.

"Àbúrò, lẹ́ǹsì èyí fẹ̀, ó ń gba èrò. Tèyí ò fẹ̀, àmọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ tí àwòrán ń hàn nínú ẹ̀ ń yí síwájú, wàá máa rí ara ẹ. Ẹ̀yin mélòó lẹ ń ṣe é?"

Mo fi ohùn lèmọ́mù dá a lóhùn, mo fi ti ìyá elépo, mo fi ti dìrẹ́tọ̀ iléèwé wa. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Gbogbo wọn, ìwọ nìkan ni! Ta ló wá máa bá ẹ dì í mú?"

Mi ò rí ohùn kankan fi dáhùn. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ti lọ Kútọnu.

Síbẹ̀, èyí tó ń gba èrò ni mo rà.

Ta ló ṣì wà nílé? Ẹ dá mi lóhùn o.