Òdo Tí Màmá Murakoshi Kọ

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni Màmá Hisae Murakoshi fi dúró lórí sìmẹ́ǹtì tútù, tí wọ́n ń ṣe tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, fún àdúgbò wa ní Toyama, nílẹ̀ Japan. Ọkọ wọn kú, wọn ò jókòó. Ọmọ wọn kó lọ sí Osaka, wọn ò jókòó. Iṣan ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wú, ó lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn, síbẹ̀ bí ẹ bá béèrè àlàáfíà, wọ́n á ní ara le.

Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń fún àwọn aláìsàn ní ìwé ìbéèrè ní kílíníkì. Ìrora, ẹsẹ̀ wíwú, àìróorunsùn: èèyàn á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá, kí a tó tọ́jú rẹ̀, àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Òdo ni pé kò sí wàhálà. Mẹ́wàá, ó ti kọjá àfaradà. Màmá kọ òdo, ení, òdo. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́! Ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara ló tú àṣírí pé ẹ̀jẹ̀ ò gòkè láti ẹsẹ̀ dáadáa mọ́, ni Dókítà Iguchi tó ni kílíníkì bá fi wáyà gbígbóná dí iṣan tó bàjẹ́ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba inú èyí tó dáa.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n padà wá kọ mẹ́ta, mẹ́ta, méjì. Dókítà fi ìwé méjèèjì wéra, ó ní ìtọ́jú òun ti dá kún ìrora, òun ò ní fọwọ́ kan tòsì. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ òsì yẹn ni awọ rẹ̀ ti ń dúdú, tí egbò fẹ́ yọ. Bí egbò bá yọ, ìdúró ti parí nìyẹn, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù tófù pa.

Inú bí mi. Mo lọ bá Màmá níbi tí wọ́n jókòó sí, mo bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún náà burú sí i ni.

"Burú kẹ̀? Mo ti ń sùn mọ́jú báyìí."

"Kí ló dé tí ẹ wá kọ mẹ́ta? Òdo lẹ kọ níjọ́sí."

Wọ́n wolẹ̀. "Ọmọ mi, mi ò tíì mọ̀ yín nígbà yẹn. Ṣé èèyàn á kàn wọlé onílé, á wá da ìrora ẹ̀ lé wọn lórí? Ẹ ti wá di èèyàn mi báyìí, ni mo ṣe sọ òótọ́."

Mo fún wọn ní ìwé tuntun, mo ní kí wọ́n kọ bó ṣe rí gan-an níjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n kọ mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mẹ́wàá. Wọ́n wá tẹrí ba, wọ́n ní ká má bínú pé àwọn yọ wá lẹ́nu.

Mo gbé ìwé náà lọ fún Dókítà. Ó fi iṣẹ́ ẹsẹ̀ òsì sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ojú tì mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gba ìwé yìí lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú wa. Ọ̀pọ̀ wọn ló kọ òdo, tí mo sì sọ fún pé ẹsẹ̀ wọn dáa, kí wọ́n máa lọ sílé.