Tẹ̀sùbáà Tí Kò Sí Nínú Fọ́tò

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí Abdulkadir, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ni ó ya bánà ńlá tí wọ́n tú kúrò ní oríta Rore ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló di àkàbà mú nígbà tí wọ́n ń tú u. Òjò ti mú kí okùn rẹ̀ le, ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e, bánà náà sì já bọ́ lójijì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ojú tó wà lára rẹ̀ ń wo òkè. Ojú ìyá bàbá rẹ̀ ni.

Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlọrin ni Ọpẹ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán àti ìpolówó. Mùsùlùmí ará Rore ni bàbá rẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì ọmọ Àrán-Ọ̀rin sì ni ìyá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀ ni ó ń bá a lọ láti kékeré, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ń tẹ̀ lé bàbá wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò sí ẹni tó ń yà lẹ́nu. Lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo wọn á péjọ sí Rore lọ́dọ̀ Alhaja Ràfátù, ìyá bàbá wọn. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, Alhaja náà á gbé ìkòkò tirẹ̀ wá sí Àrán-Ọ̀rin, á ní àwọn àna òun kò mọ ẹran sè. Bilqis ni orúkọ tí Alhaja sọ Ọpẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kò sì pè é ní orúkọ mìíràn rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi gígùn, Ọpẹ́ gba Òmù-Àrán lọ láti kọ́ṣẹ́ ní iṣẹ́ ìránṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ìmọ́lẹ̀ Orí Òkè. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa ya fláyà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ó máa ya bánà, kí ó sì máa to ọ̀rọ̀ orin àti ẹsẹ Bíbélì tí ẹ̀rọ ń gbé sára ògiri nígbà ìpàdé. Wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì kan nínú ilé àwọn obìnrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí òjò ń fọ́n wọlé láti ibẹ̀.

Ibẹ̀ kò mọ́ ọn lára bọ̀rọ̀. Èkó àti Ìbàdàn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá, wọ́n sì máa ń sín ohùn Ìgbómìnà rẹ̀ jẹ nídìí oúnjẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń kọ orin inú ìwé, tí wọ́n sì ń jókòó jẹ́ẹ́, ni ó ti dàgbà. Ní ibí yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti máa rìn ká gbọ̀ngàn, wọ́n á máa pariwo àdúrà bí ẹni pé Ọlọ́run wà ní òdìkejì odò. Ọpẹ́ á la ẹnu, kò ní rí nǹkan kan sọ. Ohun tó tún wá ń dà á láàmú ni orúkọ rẹ̀.

"Sísítà Ọpẹ́," ni ọ̀kan nínú wọn bi í ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, "Abdulkadir? Ìgbà wo lo yí padà?"

"Mi ò yí padà láti ibì kankan. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn."

"Háà. Ẹ̀rí tó dùn-ún gbọ́ ni mo rò pé a máa rí gbọ́ lẹ́nu rẹ o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń rò ó pé ó dà bíi pé òun wọlé láìsan ohun tí àwọn yòókù san.

Ọláṣẹ́gun ni olórí ẹ̀ka àwòrán, ọmọkùnrin tó yára lọ́wọ́ tó sì yára lẹ́nu. Gbogbo wọn ń pè é ní Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun. Kò sí iṣẹ́ tí Ọpẹ́ gbé fún un tí kò dá padà. Ó ní àkọ́kọ́ dà bíi káàdì ìsìnkú. Ó ní èkejì dà bíi ti àwọn tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú mọ́tò. Ọpẹ́ á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sí igun yàrá, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé ìsọjí tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún ni iṣẹ́ tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àkòrí ti ọdún yìí ni Mo Ti Rí Ìmọ́lẹ̀. Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun sọ fún Ọpẹ́ pé kí ó wá àwòrán obìnrin tó ń gbàdúrà, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wá méjì lórí ẹ̀rọ ayélujára, ó sì gbé wọn lọ fún Pásítọ̀ Ọláìyá, olórí iṣẹ́ ìránṣẹ́ náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Dádì. Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀.

"Ará Amẹ́ríkà ni ìyá yìí," ló wí. "Kò fẹsẹ̀ tẹ Òmù-Àrán rí. Ẹ bá mi wá ẹni tó jọ ìyá wa."

Ibi tí Ọpẹ́ ti ń wo àwọn fọ́tò inú fóònù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló ti kan èyí tó yà lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá. Alhaja Ràfátù jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ìrun, ó di ojú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè níwájú àyà, tẹ̀sùbáà sì rọ̀ wálẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Oòrùn tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé tàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan. Kò sí oníṣẹ́ àwòrán tí yóò rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tí yóò kọjá lára rẹ̀.

Ó gé e jáde kúrò nínú yàrá náà. Ó fi òfuurufú àfẹ̀mọ́júmọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ìbòrí obìnrin náà kò yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí àwọn ìyá ìjọ náà ń bo orí. Ó wá kan tẹ̀sùbáà. Ó fẹ fọ́tò náà títí tí ọwọ́ fi gba ojú kọ̀ǹpútà tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àwọ̀ ara ìka bo ojú ibi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà. Iṣẹ́ fínnífínní ni, ó sì ṣe é dáadáa. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí kí àwòrán má baà kún jù ni. Orí fóònù lásán ni yóò sì wà, láàárín àwọn tí kò mọ Rore. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹyọ tó kẹ́yìn, ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn yàrá, kò sì sí ẹnì kankan níta tó ń bọ̀.

Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun wò ó, ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Sísítà Ọpẹ́, níbo lo ti rí ìyá yìí?"

"Nínú àwọn fọ́tò mi ni, sà."

"O ti ń di ẹlòmíràn nìyẹn. Wo bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ìdí oúnjẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sùn dáadáa láti ìgbà tó ti dé.

Kò sọ fún Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun pé orí fóònù ni òun rò ó mọ. Ọkùnrin náà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ bánà ní Ìlọrin, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Alhaja Ràfátù ti wà ní gbogbo ẹnu ọ̀nà tó wọ Òmù-Àrán, títí kan oríta Rore, ó ga ju ilé lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, àkọlé dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń sọ ọ́: MO TI RÍ ÌMỌ́LẸ̀.

Àǹtí Asisat, àbúrò bàbá Ọpẹ́ obìnrin, ló pè lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí Rore jáde níbi àsàlátù, àdúrà tí wọ́n jọ ń ṣe láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

"Ẹ kú oríire o," ni Àǹtí Asisat wí. "Ìyá wa ti di Ìyá Síọ́nì."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi o. Ohun tí wọ́n ń kí i nìyẹn ní àsàlátù láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí ó bá wọn mú omi ìyè bọ̀ láti Òmù-Àrán. Ẹnì kan sún ẹní rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. O sì mọ ohun tó wà nílẹ̀."

Ọpẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìyá Súnnà Rore, olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, ti kú lẹ́yìn Iléyá, orúkọ Alhaja Ràfátù sì ni gbogbo ènìyàn ń dá pé yóò gba ipò náà. Ó ti ń gbá àgbàlá mọ́ṣáláṣí náà láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni Lèmọ́mù àti àwọn àgbà máa kéde ẹni tí wọ́n yàn.

"Kí ni Ìyá wí?" ni Ọpẹ́ bi í.

"Ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ sílé."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọpẹ́ lọ bá Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun. Ó sọ ẹni tí ìyá náà jẹ́. Ọkùnrin náà na ẹsẹ̀ sórí àga.

"Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí iná ràn," ló wí. "Àwọn ará Rore ti ń bèèrè ìpàdé yìí láti àná. Ta ló mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló darí ọwọ́ rẹ?"

"Ọwọ́ mi kọ́ ni Ọlọ́run darí, sà. Èmi ni mo darí rẹ̀."

Wọ́n jọ dé ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ Ọláìyá. Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ìpàdé ti dé tán, bí wọ́n bá sì tú bánà, àwọn ènìyàn á ní ẹ̀rù ló ba ìjọ. Pásítọ̀ gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí Ọpẹ́.

"Ṣé ìyá yìí ti gba Jésù?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó mọ̀ pé a ń lo ojú òun?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wà ní ọwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Bàbá náà ti wo àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ó rí i pé ọwọ́ náà di nǹkan mú tí kò sí níbẹ̀.

Ọpẹ́ sọ fún un.

Pásítọ̀ Ọláìyá kò gbé ohùn sókè. "Ṣẹ́gun, lọ tú gbogbo rẹ̀. Irọ́ la gbé kọ́ sí oríta, a sì kọ ìmọ́lẹ̀ sára rẹ̀." Ó tún wo Ọpẹ́. "Ìwọ náà bá wọn lọ. Nígbà tí ẹ bá parí, lọ sọ ọ́ ní Rore bó o ṣe sọ ọ́ níbí. Ǹ bá bá ọ lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ibẹ̀ báyìí, wọ́n á ní ìrìbọmi ni mo wá ṣe fún un."

Bánà ṣeé tú. Ti orí fóònù kò ṣeé tú. Kí wọ́n tó dé oríta Rore, Ọpẹ́ ti rí àwòrán náà lórí fóònù ọlọ́kadà tó gbé e.

Nígbà tí Ọpẹ́ dé Rore, Alhaja Ràfátù jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Ọpẹ́ kúnlẹ̀, ó kí i. Obìnrin náà dáhùn, kò dá iṣẹ́ dúró.

"Fi hàn mí," ló wí. "Gbogbo ènìyàn ló ti rí i dáadáa, àfi èmi."

Ọpẹ́ nawọ́ fóònù sí i. Alhaja nu ọwọ́, ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Níbo ni tẹ̀sùbáà mi wà?"

"Mo pa á rẹ́, mà."

"Ṣé àwọn ló ní kó o pa á rẹ́?"

"Rárá, mà. Èmi ni."

Àwọn adìyẹ wá sídìí èèpo ẹ̀gúsí, kò lé wọn. "Lọ́jọ́ tó o ya fọ́tò yìí, o ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́. O ní ọ̀kan ń bà ọ́ lẹ́rù. Orúkọ rẹ ni mò ń pè sí i. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó o pa rẹ́ yẹn, orúkọ rẹ wà lórí rẹ̀." Ó dá fóònù padà. "Bánà ṣọ́ọ̀ṣì kò dùn mí. Mo ti jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ju bí o ṣe rò lọ, níbi ìgbéyàwó bàbá rẹ gan-an. Ọwọ́ mi tó o sọ di ti ẹlòmíràn ló dùn mí, Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì dún lẹ́nu rẹ̀ bí orúkọ àlejò. Ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Alhaja jẹ́ kó sun ún.

"Ẹkún kò ní dé etí àwọn tó sún ẹní wọn," ló wí níkẹyìn. "Èmi kò lè fẹnu ara mi sọ pé mi ò di Kìrìsìtẹ́nì. Bí mo bá sọ ọ́, ó ti di ẹjọ́ nìyẹn. Ìwọ lo máa wá sọ ọ́, níwájú wọn, pẹ̀lú gèlè rẹ lórí."

"Orúkọ wo ni kí n sọ fún wọn, mà?"

"Èyí tó o fi ya bánà."

Ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ọpẹ́ ti ya bánà mìíràn, lẹ́tà lásán, kò sí ojú ènìyàn kankan lórí rẹ̀. Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun kò dá a padà, kò sì yìn ín. Ní ìdí oúnjẹ, wọn kò sín ohùn rẹ̀ jẹ mọ́, ìyẹn sì tún le ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ó ti rí fọ́tò Iléyá náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan nítòsí ọjà, tẹ̀sùbáà wà níbẹ̀ pé pérépéré. Kò mọ̀ bóyá Alhaja máa gbà á.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àǹtí Asisat yóò dúró dè é ní oríta Rore kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun, kí Lèmọ́mù tó kéde ẹni tí wọ́n yàn, wọn yóò pè é síwájú àwọn obìnrin lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, kí ó wá sọ ohun tó ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ìpàdé ìsọjí yóò bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán, òun ni yóò sì wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ sára ògiri.