Kéèkì Olóròóró ní Àsátà

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Edith Ọláògún fi ń gbé kéèkì Kérésìmesì fún obìnrin kan tí kì í jẹ ẹ́. Kò mọ̀. Obìnrin náà a gbà á, a dúpẹ́, a fọ àwo kó tó dá a padà, a sì sọ pé ó dùn. Irọ́ ni. Irú irọ́ tí àwọn àgbà wa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí ni.

Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Àsátà, ní Enugu. Akọ̀wé rélùwéè ni Adélàjà, ọkọ Edith, ọkùnrin tó ń wọ táì lọ ra iṣu. Télọ̀ ni Ṣéhù, ọmọ Ìlọrin, Àmátúlláhì ìyàwó rẹ̀ sì ni òun àti Edith jọ ń lo ilé ìdáná. Àmátúlláhì fi bí ọdún mẹ́wàá ju Edith lọ. Bí Iléyá bá dé, ẹran a wá láti ọ̀dọ̀ Àmátúlláhì. Bí Kérésì bá dé, kéèkì a lọ láti ọ̀dọ̀ Edith.

Edith mọ kéèkì í ṣe, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Kò ní ààrò òyìnbó. Ìkòkò irin ló ń lò. Á da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, á gbé páànù kéèkì lé iyanrìn náà, á dé e, á wá kó èédú tó ti pọ́n sórí ọmọrí. Bọ́tà inú agolo ló ń fi ọmọrogùn pò mọ́ ṣúgà títí yóò fi funfun, tí apá rẹ̀ yóò sì máa ro ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì ọdún 1961, ó ń jọ fúláwà, Sikirat, ọmọ ọdún méje tí Àmátúlláhì bí, sì jókòó tì í. Edith ní òun máa gé tirẹ̀ tóbi lọ́dún yìí.

"We no dey chop am, Mọ́mì Bísí," ni ọmọ náà wí. Bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Enugu ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. "Mama dey give am to Papa Coal pikin. E say na pig fat dey inside."

Awakùsà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ni Papa Coal. Ọmọ márùn-ún ló ní, gbogbo wọn ló sanra.

Edith gbé ajọ̀ kalẹ̀. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú un, ìbínú tẹ̀ lé e. Ó mú agolo bọ́tà, ó kà á yípo. Wọ́n kọ ọ̀rá sí i lára. Wọn ò kọ ọ̀rá ẹran wo, bóyá ti ẹlẹ́dẹ̀ ni tàbí ti màlúù. Ó kàwé mẹ́fà jáde, akọ̀wé ni ọkọ rẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ka ara agolo nínú wọn fún ọdún mẹ́fà. Kò yẹ kó bínú sí ẹlòmíràn kó tó bínú sí ara rẹ̀.

Ó lè dákẹ́ kó máa gbé àwo lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Àmátúlláhì ló gbẹ̀bí rẹ̀ nígbà tó fẹ́ bí Oyèbísí, tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Màkọ́dì. Kò fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa tan òun. Bí Àmátúlláhì kò bá jẹ kéèkì ọdún yìí, òun ò ní gbé àwo kankan lọ bá a mọ́.

"Òróró ẹ̀pà ni mo máa lò dípò bọ́tà," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

Adélàjà sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀. "Òróró? Àkàrà lo fẹ́ gbé síwájú àwọn ará ọ́fíìsì mi nìyẹn."

"Ẹ ti ń jẹ àkàrà ọjọ́ pẹ́, bàbá Bísí. Kò tíì pa yín."

Edith kọ́kọ́ ba kéèkì náà jẹ́. Bó ṣe ń wọn bọ́tà ló ṣe wọn òróró, ife kan fún ife kan. Ó wá ń pò ó mọ́ ṣúgà, ó ń retí kó funfun. Òróró kì í funfun. Nígbà tó ṣí ìkòkò, ohun tó bá níbẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ó wúwo, òróró sì ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àmátúlláhì wà nídìí iná tirẹ̀, ó ń dín wàínà onírẹsì. "Ìyá Bísí, kí ni òróró ṣe fún ẹ tó o fi ń bá a jà?"

"Nítorí yín ni." Edith ò yíjú. "Sikirat ti sọ fún mi. Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ lọ́dún àkọ́kọ́, ìyá Síki. Ẹ wá ń wò mí bí òmùgọ̀."

Àmátúlláhì yí wàínà kan, ó yí èkejì. "Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? O wọ aṣọ ọdún, o ń rẹ́rìn-ín, o gbé àwo dání. Mo ní tó bá di àmọ́dún màá sọ. Àmọ́dún dé, mo tún dúpẹ́." Ó nu ọwọ́ sí ìró. "Mi ò ṣe dáadáa. Gbé ẹyin wá. Òróró kì í wú, ẹyin ló ń wú. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Ìyàwó òyìnbó ọ̀gá bàbá Bísí."

"Ìyẹn ò dín àkàrà rí."

Ó ní kí Edith kọ́kọ́ fi eérú àti omi gbígbóná fọ páànù, torí ọ̀rá ọdún mẹ́fà ti mu sí i lára. Edith fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fọ́ ẹyin mẹ́fà sí ṣúgà nínú abọ́. Àmátúlláhì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń pò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè bí ẹni ń po ẹ̀wà àkàrà, títí tó fi wú, tó funfun, tó fẹ́ kún abọ́. Nígbà náà ni wọ́n wá da òróró sí i díẹ̀díẹ̀, ife kan tó ku ìka méjì kó kún. Fúláwà ló kẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, kéèkì náà ga kọjá etí páànù. Adélàjà tọ́ ọ wò, kò sì dárúkọ àkàrà mọ́.

Láàárọ̀ Kérésì, Edith gbé àwo lọ. Kò gbé e sílẹ̀ kó padà bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò. Àmátúlláhì bu kéèkì náà, ó ní bísímílà, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Ṣúgà ẹ pọ̀ jù," ló wí. "Ìdí ẹ̀ sì ti jó díẹ̀."

Edith fa àpótí, ó jókòó. "Ẹ fún mi níbẹ̀ kí n tọ́ ọ wò."

Àmátúlláhì fa àwo náà mọ́ra. "Tìẹ wà nílé," ló wí, ó sì bu òmíràn.