Faransé Tí Mo Fi Wàláà Kọ́

Ìdánwò àfẹnusọ èdè Faransé ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ilé ẹ̀kọ́ wa ní Barnawa gbà kí èèyàn tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Bí mo bá tún kùnà, wọ́n á lé mi kúrò ní ẹ̀ka Faransé, ilé ni màá sì jókòó sí. Mi ò fẹ́ jókòó sílé.

Sísọ ohun tó ti kọjá ló ń dà mí láàmú. Àwa Yorùbá, "ti" kékeré kan ti tó wa: mo ti jẹun, mo ti lọ, ọ̀rọ̀ parí. Faransé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe tiwọn kì í dá rìn, àfi kó ní alábàárìn. Ọ̀pọ̀ ló ń bá "avoir" rìn: j'ai mangé, mo ti jẹun. Àwọn díẹ̀, pàápàá àwọn tó jẹ mọ́ lílọ àti bíbọ̀, "être" ni wọ́n ń bá rìn: je suis allée, mo ti lọ. Bó bá tún jẹ́ obìnrin ló lọ, wọ́n á fi "e" kan kún un ní ìdí. Ta ló rán wọn níṣẹ́?

Bàbá mi, ọmọ Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní àdúgbò Television, kò gbọ́ Faransé rárá. Ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún lórí ìwé.

"Ṣé torí èyí náà ni?" ló wí. "Wallahi, ohun tí èèyàn bá kà sórí kì í sá lọ."

Ó gbé wàláà kan fún mi, pákó tí àwọn ọmọ kéwú ń kọ̀wé sí, ó ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo ṣe lánàá sí i ní Faransé, láti orí jíjí dé orí sísùn. Ogún gbólóhùn ni. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mò ń mì síwá sẹ́yìn, mò ń kà á. Bàbá kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mọ ibi tí mo bá ti fo nǹkan.

"Padà sí ìbẹ̀rẹ̀," ni yóò wí. Òfin kéwú tirẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá ṣìnà láàárín kò gbọdọ̀ tún un gbé láti àárín.

Lọ́jọ́ ìdánwò, oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi kọ́kọ́ lọ já èrò kan sí Kudenda, tí kì í ṣe ọ̀nà Barnawa rárá. Mo pariwo mọ́ ọn pé, "Haba, Malam!" Ó ní, "Ki yi haƙuri," kí n ní sùúrù. Sùúrù wo? Nígbà tí mo fi dé yàrá ìdánwò, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín ló jókòó síbẹ̀. Ó bi mí ní Faransé pé kí ni mo ṣe láàárọ̀ yẹn. Mo gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. Síbẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Hier, je me suis réveillée à cinq heures," pé lánàá, mo jí ní aago márùn-ún.

Ó gbọ́wọ́ sókè. "Mi ò béèrè àná. Àárọ̀ òní ni."

Mo ní, "Oui, monsieur," bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ó ti dá mi dúró láàárín, òfin Bàbá sì ni mo tẹ̀ lé, mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀: "Hier, je me suis réveillée..." Ara mi ti ń mì síwá sẹ́yìn.

Ó fi gègé lélẹ̀. "Bí o bá tún kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ìdánwò ti parí."

Mo wá ọ̀rọ̀ mìíràn títí, gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló dúró gbọin sẹ́nu mi. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó tún mú gègé. Omi ti ń tán lẹ́yìn ẹja. Ni inú bá bí mi, sí òun, sí oníkẹ̀kẹ́, sí èmi alára.

"J'ai crié!" Mo ní mo pariwo.

Ó gbójú sókè. "Mọ́ ta ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ oníkẹ̀kẹ́ fún un: ó lọ sí Kudenda, mo bú u, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sáré, mi ò tíì jẹun. Mo fi "avoir" síbi tó yẹ kí n fi "être" sí, mo tún un ṣe, mo tún kọsẹ̀ níwájú, mo ń lọ. Mi ò padà sẹ́yìn mọ́.

Ó kọ nǹkan sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "O yege," ló wí níkẹyìn. "Ẹni tó ní kí o há ìyẹn sórí, sọ fún un pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà ọ́ jẹ́."

Nígbà tí mo délé, Bàbá ti kó àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ jọ, wọ́n ń ṣe àdúà fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé mo yege.

"Alihamudulilai! Ṣé o kà á dé òpin?"

Mo wo ojú rẹ̀. "Mo kà á dé òpin, Bàbá."

"O ò ṣìnà níbì kankan?"

"Rárá, Bàbá."

Ó yíjú sí àwọn ọmọ náà. "Ṣé ẹ gbọ́?" Omi bọ́ lójú rẹ̀, níṣojú gbogbo wọn. Títí dòní ló ń sọ fún èèyàn pé òun ló kọ́ ọmọ òun ní Faransé. Ojú máa ń tì mí bí mo bá wà níbẹ̀, mi ò sì tíì lè sọ òótọ́ fún un.