Ekùrọ́ Tí Wọ́n Fi Tọrẹ Lẹ́yìn Wa

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà ọkọ̀ ò tíì gba Massè kọjá nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àjàgà ìjọba Faransé ṣì tuntun lọ́rùn wa ní Adja-Ouèrè. Mo ti bí Àbíkẹ́, mo sì ti ń ṣe epo nílé ọkọ.

Kọ̀mándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè wa, àti àwọn oníṣòwò Faransé kan pawọ́ pọ̀ gbé ẹ̀rọ tí ń fún epo wá. Ìjọba yọ ilẹ̀ fún wọn, ó fi ipá kó àwọn ọkùnrin wa lọ la ọ̀nà. Àwọn oníṣòwò mú ẹ̀rọ wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yí i, ẹnu yà mí. Mo wo epo tó ń dà, mo wo ẹsẹ̀ mi tó ti bó nínú ẹkù, níbi tí a ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ lọ síbi òkìtì ekùrọ́, ni ṣọ́jà kan bá fi igi dá mi dúró. Ògbufọ̀ ní ekùrọ́ ti di ti oníẹ̀rọ, pé òun ni èrè iṣẹ́ rẹ̀.

"Ta ló fún un?"

"Àwọn ọkọ yín ni, níwájú Baálẹ̀."

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, epo ni ti ọkọ, ekùrọ́ ni ti ìyàwó. Òun la fi ń raṣọ, òun la fi ń tọ́jú ọmọ láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sáré bá ọkọ mi.

"Bàbá Àbíkẹ́, ṣé lóòótọ́ ni?"

Ó họrí. "Wọ́n ní ká fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. A ò lè fi epo sílẹ̀. Ekùrọ́ sì…"

"Ekùrọ́ sì kì í ṣe tiyín!"

Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ wọ́n ti fá tiwa kodoro.

Ìyá ọkọ mi, ẹni tí kì í pariwo, ló kó àwa obìnrin jọ.

"Ṣé ọkùnrin ìlú yìí a máa ru ẹyìn?"

A ní rárá o. Ọkùnrin a máa gun ọ̀pẹ, a máa kọ ẹyìn lulẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá gbé e rù ti di ẹni ẹ̀sín.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rù ú."

Láti Massè dé Kpoulou, a káwọ́ lẹ́rán. Ẹyìn ń rà lábẹ́ ọ̀pẹ. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Kọ̀mándà dé tìbínú-tìbínú, ó pe gbogbo wa jọ. "Ta ló ni ekùrọ́ gan-an?"

"Àwọn obìnrin ni," ni Baálẹ̀ wí.

Òyìnbó lanu. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ ò bi wá."

Ìyá ọkọ mi bọ́ síwájú. "Ẹ̀rọ yìí dára. Ẹ má gbé e lọ. Ẹ dá ekùrọ́ wa padà, kí àwọn ọkọ wa yọ̀ǹda díẹ̀ nínú epo wọn fún un."

Gbogbo ojú yí sí àwọn ọkùnrin. Gbogbo wọn ń wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn, ọkọ mi náà ò dáhùn.

Àwọn oníṣòwò ní àwọn ò ní ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tú ẹ̀rọ palẹ̀, wọ́n rù ú lọ. Ekùrọ́ wa padà sọ́wọ́ wa, a sì jó. Ní ọjọ́ kejì, mo padà sínú ẹkù. Ìyá ọkọ mi tẹ ẹyìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ ọ́.

Bí ìjọba àti oníṣòwò bá tún gbé ohun tuntun dé, ẹ wò ó bóyá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà wà ní ìjókòó tí wọ́n ti ń ṣèpinnu. Wọ́n ṣì jẹ wá ní gbèsè ìjókòó yẹn. Ti òyìnbó ò sì dùn mí tó ti ilé. Ká ní ọkọ mi yọ̀ǹda igbá epo kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ yẹn ì bá wà.