Ojú Àbúrò Mi Lọ́dún Tí Wọ́n Ti Ibodè

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ojú ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró.

Lọ́dún tí ìjọba ti ibodè pa nítorí ìrẹsì fàyàwọ́, Ọjà-Ọ̀dàn, nítòsí ibodè, ni àbúrò mi obìnrin ti ń ránṣọ. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ṣàdédé wú. Àwọn ará àdúgbò ní apòlò ni. Ìyálọ́mọ kan fún omi ọmú sí i lójú, bí a ti máa ń ṣe. Ojú kò gbọ́. Ẹyinjú ń yọ síta, kò ṣeé yí mọ́, ohun kan sì ń di méjì lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ojú yìí bá lọ, kí ni mo fẹ́ fi ránṣọ?"

Òdìkejì ibodè la ti máa ń rí dókítà ojú tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà ti dí. A bá gba Ayétòrò, a forí lé Abẹ́òkúta. Aṣọ́bodè kan dá ọkọ̀ wa dúró, ó tọ́ka sí aṣọ tí àbúrò mi fi di ojú.

"Màmá, kí lẹ dì síbẹ̀? Ṣé kì í ṣe ìrẹsì?"

"Ẹ tú u wò, ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá rí ìrẹsì ńbẹ̀, ẹ bá mi sè é."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi tú aṣọ náà, ọkùnrin náà wo ojú ọ̀hún tán, ó sún sẹ́yìn, ó ní ká tètè máa lọ.

Dókítà tá a bá ní ọsibítù kò tíì fọwọ́ kan ojú tó fi béèrè pé, "Ṣé oríkèé máa ń ro yín? Ṣé oòrùn máa ń mú kí nǹkan sú sí yín lẹ́rẹ̀kẹ́?"

Àbúrò mi yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún un?"

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àrùn lúpọ́ọ̀sì ni: ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ń bá ara jà. Dókítà ní kì í sábà dé ihò ojú, ṣùgbọ́n ó ti dé tirẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn ẹyinjú ló wú, tó ń tì í síta. Bá a bá fi falẹ̀, ojú lè fọ́. Wọ́n fa oògùn sí i lára, wọ́n fún un ní oníhóró.

Díẹ̀díẹ̀, ẹyinjú padà sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi na òwú sí ihò abẹ́rẹ́, òwú wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi o! Abẹ́rẹ́ ọ̀kan ni mo rí! Ọ̀kan péré!"

Ijó la fi gba àgbàlá. Ìyálọ́mọ ní, "Omi ọmú mi ló ṣiṣẹ́!"

"Ó gbìyànjú," àbúrò mi dá a lóhùn, "ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọ rẹ rí mu."

Àrùn náà ṣì wà, oògùn ló ń kó o níjàánu. Ọkọ rẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà ló jogún gíláàsì dúdú tá a rà fún ojú ọ̀hún. Èmi jogún kí n máa pe àbúrò mi láràárọ̀ pé, "Ṣé o ti lo oògùn?" Òun ló jogún ojú rẹ̀ méjèèjì.